Ẹ̀wù Ìràwọ̀ Nínú Dungeons & Dragons: Ìgbà Wo Ni Kí Ẹ Já A?

Ẹ̀wù àwọn oṣó nínú Dungeons & Dragons la fẹ́ sọ lónìí, òfin ọdún 2014 ni mo sì ń tẹ̀lé.

Oṣó tó bá wọ ẹ̀wù irin tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó kò lè pe ọfọ̀ rárá. Aṣọ ló kù fún un. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Robe of Stars. Aṣọ dúdú tàbí búlúù tó ṣú ni, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ṣe ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ funfun tàbí fàdákà sí i lára. Mẹ́fà tó tóbi wà láyà rẹ̀. Tí gbẹ̀rì ọdẹ bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n rán oògùn mọ́, níbí, iṣẹ́ ọnà yẹn gan-an ni oògùn.

Tó bá kàn yín, ẹ lè já ìràwọ̀ ńlá kan, yóò sì di ọfọ̀ Magic Missile ní ìpele karùn-ún. Ọfà 7 ló máa jáde, wọn kì í tàsé. Ìpalára gbogbo wọn kò lè dín ní 14, kò sì lè ju 35 lọ. Ọ̀tá tó bá mọ ọfọ̀ Shield lè dá wọn dúró o.

Ogre ní ẹ̀mí 59, ìràwọ̀ kan kò lè pa á. Goblin ní 7, ìràwọ̀ kan lè pa mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, ẹ ó ju dáìsì olójú mẹ́fà kan. Iye tó bá jáde ni iye ìràwọ̀ tó máa padà. Tí ẹ bá já ọ̀kan, ó dájú pé yóò padà. Tí ẹ bá já mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó lè jẹ́ ọ̀kan péré lẹ máa gbé wọ òru.

Àmọ́ ahun náà ń pàdánù. Tí ìrọ̀lẹ́ bá dé tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà láyà, dáìsì ò ní nǹkan kan láti dá padà. Nítorí náà, mo máa ń bi Dungeon Master léèrè pé ọjọ́ ti lọ tó. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti súnmọ́ tí ìjà sì dé, mo máa ń já ọ̀kan tàbí méjì láìbẹ̀rù. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú ni, mo máa ń ṣọ́ ọwọ́ mi, torí ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la kí òmíì tó padà.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìràwọ̀ mẹ́fà sin yín o. Ó dìgbà kan ná.