Kiki Gyan, Atẹdùùrù Ẹgbẹ́ Osibisa

Ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ìgàndó, a kì í wá ìró dùùrù tì lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì ń lò ó, àwọn olórin òde àríyá náà ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ kọ́ ọ. Àwọn òbí sì máa ń bi wá pé, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa.

Kiki Gyan ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Takoradi ní ilẹ̀ Ghana ni a bí i sí ní ọdún 1957. Láti kékeré ló ti ń tẹ dùùrù.

Dùùrù tó ẹ̀kọ́ kọ́. Eyín funfun 7 àti eyín dúdú 5 ló wà nínú ọ̀wọ́ kan. Tí a bá tẹ̀ wọ́n tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́kọ́, ohùn yóò sì ga sí i. Ó dà bí lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ Yorùbá. Lẹ́tà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a lè fi wọ́n kọ kò lópin.

Ní ọdún 1969, Teddy Osei, Mac Tontoh àti Sol Amarfio, ọmọ Ghana, dá ẹgbẹ́ Osibisa sílẹ̀ ní London pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Wọ́n po orin rọ́ọ̀kì, tí gìtá oníná ń dún kíkankíkan nínú rẹ̀, mọ́ háíláìfù àti ìlù ilẹ̀ wa. Kiki kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tó wọ ẹgbẹ́ náà. Mike Odumosu, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ BLO ní Èkó, bá a ṣeré níbẹ̀. Ní ọdún 1976, orin wọn Sunshine Day tà wàràwàrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó dé, òkìkí dé. Nígbà tó yá, Kiki ń ṣe àwo tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni oògùn olóró ti bá a jà. Ẹ̀yin ará, oògùn olóró kì í fi ìjà wọlé. Lákọ̀ọ́kọ́, ara ẹni tó lò ó á fúyẹ́. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ara kò ní gbọ́ ti díẹ̀ mọ́. Á máa bèèrè púpọ̀. Bí kò bá rí i, ara á máa ro ó, oorun á dá. Owó oúnjẹ á wá di owó oògùn. Ẹni tó ń lo oògùn ti di ẹni tí oògùn ń lò.

Báyìí ni owó Kiki ṣe lọ, tí ìlera rẹ̀ náà sì lọ. Ó kú ní Accra ní ọdún 2004, kò tíì pé ọmọ 50 ọdún. Ní ọdún 2012, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún kó àwọn orin rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dùn. Ẹni tó ni ọwọ́ ni kò sí mọ́.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá fẹ́ tẹ dùùrù, ẹ má lé e. Ẹ mọ ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ mọ àwọn tó ń bá rìn lẹ́yìn òde. Ẹ kọ́ ọ bí a ti ń fi owó pamọ́. Bó bá sì ti kó sínú oògùn, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Àìsàn ni. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yàbá ń tọ́jú irú rẹ̀. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

Ìbéèrè
1. Ibo ni a bí Kiki Gyan sí?
2. Eyín mélòó ló wà nínú ọ̀wọ́ kan lára dùùrù?
3. Kí ni ẹ lè ṣe bí ọ̀dọ́ àdúgbò yín bá ń lo oògùn olóró?