Ìyáàlù Lórí Kíbọ́ọ̀dù: Ohùn Àgbàsílẹ̀, Wíìlì àti Ọ̀rọ̀ Ìlù

Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún ni ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà fi ohùn àgbàsílẹ̀ kọ́ ìyáàlù dùndún sínú kọ̀ǹpútà, kí atẹdùrù lè máa fi kíbọ́ọ̀dù lù ú, àti ohun tí ó ń fà á tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ fi máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Iṣẹ́ yìí kò jọ ti ẹni tí ó fẹ́ gba ohùn fèrè tàbí ti dùrù sílẹ̀. Bí ohùn dùrù bá yẹ̀ díẹ̀, kò ní dùn mọ́ olùgbọ́ létí, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí ohùn ìyáàlù bá yẹ̀, ìtumọ̀ ti yí padà nìyẹn. Igbá, igba, igbà, ìgbá àti ìgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Nítorí náà, lórí awọ, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó kù tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ohun èlò orin fi ẹnu kò ní 1991 lórí àtòjọ ohùn tí wọ́n ń pè ní General MIDI, ohùn ohun èlò lílù 47 ni wọ́n fún ní nọ́ńbà, láti 35 dé 81. Agogo wà níbẹ̀ ní nọ́ńbà 67 àti 68. Orúkọ Yorùbá gan-an ni, ọ̀dọ̀ àwọn ará Brazil ni ó sì gbà wọ inú èdè àwọn olórin àgbáyé. Dùndún kò sí níbẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohùn méjì ni agogo ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró sí ojú kan. Nọ́ńbà méjì tó o. Ohùn ìyáàlù kò ṣe é fi nọ́ńbà kan dè mọ́lẹ̀.

Akin Euba (1935–2020) ti gba ojú ọ̀nà mìíràn yọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ohun tí ó pè ní African pianism, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1970, Scenes from Traditional Life, jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀, dùrù ni ó mú kí ó hùwà bí ohun èlò lílù, ṣùgbọ́n ohùn dùrù ṣì ni ohùn dùrù. Ẹni tí ó ń kọ́ ìyáàlù sínú kọ̀ǹpútà ń ṣe òdìkejì èyí: ó fẹ́ kí bọ́tìnnì dùrù jẹ́ ilẹ̀kùn lásán, tí ohùn ìlù yóò gbà jáde.

MIDI gẹ́gẹ́ bí àrokò

Ó yẹ kí ohun tí MIDI jẹ́ yé ènìyàn kí ó tó máa wá àṣìṣe rẹ̀ kiri. Ní oṣù January 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi okùn so ẹ̀rọ méjì tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe pọ̀, Prophet-600 àti Jupiter-6, tí ọ̀kan sì ń pàṣẹ fún èkejì. Ohùn kankan kò gba inú okùn náà kọjá. Àṣẹ ni ó ń gbà á kọjá: pé kí ohùn nọ́ńbà báyìí bẹ̀rẹ̀, pé agbára tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́ iye báyìí nínú 127, pé ìkànnì báyìí nínú 16 ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Ní ọ̀nà yìí, MIDI jọ àrokò. Ẹni tí ó so owó ẹyọ méjì pọ̀ ní ìkojú-síra, tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu kankan ránṣẹ́. Ẹni tí ó gbà á ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni, pé ìbá jẹ́ ìkẹ̀yìn-síra, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bí òye wọn kò bá dọ́gba, ẹrù dé, ọ̀rọ̀ kò dé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àìsàn kíbọ́ọ̀dù MIDI, àìsàn àrokò ni: àṣẹ náà dé pérépéré, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ó ní lójú ẹni tí ó rán an kọ́ ni ó ní lójú ẹni tí ó gbà á.

Gbígba ohùn ìlù sílẹ̀

Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí wọ́n gba ìró ìlù kan ṣoṣo sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì máa gbé e sókè tàbí sísàlẹ̀ fún gbogbo bọ́tìnnì tí ó kù. Ọ̀nà yìí kò dára. Bí ẹ̀rọ bá gbé ìró kan sókè lọ́nà yìí, ńṣe ni ó ń sáré kà á, bí ìgbà tí téèpù bá ń sáré. Ìró náà yóò kúrú, yóò sì tín-ín-rín. Ìyáàlù gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ òsì àyàn bá fún osán, awọ ni ó ń le sí i. Ìró náà lọ sókè, ṣùgbọ́n ara igi ìlù kò kéré sí i.

Ṣaworo tún dá kún ìṣòro náà. Àwọn ṣaworo tí ó yí ojú ìyáàlù ká máa ń dún ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá ba awọ, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ ti osán: bí ohùn ìlù ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ojú kan náà ni ohùn ṣaworo wà. Bí wọ́n bá gba méjèèjì sílẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ fa ìró náà sókè, ṣaworo yóò bá a gòkè. Ẹni tí ó dàgbà sí agbo ìlù yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan kò tọ̀nà, bí kò bá tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó jẹ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí àyàn tú ṣaworo kúrò tàbí kí ó fi aṣọ dì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gba ohùn awọ, kí wọ́n sì gba ohùn ṣaworo lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí àyàn di osán mú sí ojú ohùn mẹ́ta, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè, kí ó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára mẹ́ta, jẹ́jẹ́, níwọ̀ntúnwọ̀nsì àti líle, kí ó sì lu ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ìró 36 ni ìyẹn. Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni pé ìró kan náà gan-an tí ó bá ń padà wá léraléra máa ń dà bí ìbọn arọ̀jò-ọta. Bí mẹ́rin bá ń gba ipò ara wọn, etí kò ní tètè fura. Ibi tí wọn kò ti ní gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn láti kọ sílẹ̀ ju láti ṣe lọ. Kí wọ́n gé àlàfo tí ó bá wà níwájú ìró kọ̀ọ̀kan dànù, nítorí pé gbogbo àlàfo yìí ni yóò di ìfàsẹ́yìn lábẹ́ ọwọ́ atẹdùrù. Orúkọ àyàn tí ó lu ìlù náà sì gbọ́dọ̀ bá ohùn náà lọ síbikíbi tí ó bá ń lọ, pẹ̀lú àdéhùn lórí ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ohùn awọ nìkan kọ́ ni wọ́n gbà. Ìmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Dò, re, mí àti wíìlì

Àwọn olùkọ́ ti ń fi dò, re, mí kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn Yorùbá láti ìgbà pípẹ́. Ó yẹ kí kíbọ́ọ̀dù náà tẹ̀lé e: kí ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí nọ́ńbà 60, kí ti àárín wà lórí 62, kí ti òkè sì wà lórí 64. Ibùgbé lásán ni nọ́ńbà wọ̀nyí o. Kò yẹ kí wọ́n tún ohùn ìlù ṣe kí ó lè bá ti dùrù dọ́gba. Bí àyàn bá ti di osán mú ni kí ó wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni yóò fẹ́ ṣe àtúnṣe yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́, kí wọ́n sì dá a lẹ́kun.

Bọ́tìnnì mẹ́ta yìí kò tíì tó. Nínú ìgbá tàbí Ọ̀yọ́, níbi tí ohùn òkè ti tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, ohùn náà kì í fò. Ńṣe ni ó ń yọ́ gòkè. Nínú rárà, níbi tí ìsàlẹ̀ ti tẹ̀lé òkè, ó ń yọ́ wálẹ̀. Àyàn ń fi ọwọ́ òsì ṣe é lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ bá ti ba awọ. Ó ṣe wẹ́kú pé ọwọ́ òsì kíbọ́ọ̀dù ni wíìlì tí ń fa ohùn wà. Láti lu ìgbá, atẹdùrù yóò tẹ dò, yóò tún dò tẹ̀, yóò sì ti wíìlì gòkè bí ìró kejì ti ń dún. Láti lu ìgbà, dò méjì ni, wíìlì kò ní kúrò lójú kan.

Ibí yìí gan-an ni àrokò ti máa ń dàrú jù. Iye tí wíìlì ń fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó dé 16,383. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ ní àárín, 8,192 ni. Ṣùgbọ́n iye yìí kò sọ bí ohùn yóò ti gòkè tó. Ó kàn ń sọ pé wíìlì ti dé òpin ni. Ẹ̀rọ tí ó gbà á ni ó ń pinnu ohun tí òpin túmọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó sì ti pinnu láti ilé-iṣẹ́ pé òpin jẹ́ ìgbésẹ̀ 2, ìgbésẹ̀ kan jẹ́ ìwọ̀n bọ́tìnnì kan sí èyí tí ó kàn án, ìbáà ṣe funfun tàbí dúdú. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ 7 ni ó wà láàrin ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀, atẹdùrù yóò ti wíìlì dé òpin, ohùn yóò gbé ìgbésẹ̀ 2, yóò sì dúró. Ìgbá tí ó ní lọ́kàn yóò di ohun tí ó súnmọ́ ìgbà. Ìlù náà yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì dá ohùn àgbàsílẹ̀ lẹ́bi, wọn yóò tún un gbà, àìsàn náà kò sì ní lọ, nítorí pé kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ̀rọ bá ka òpin sí 12, òdìkejì ni: ọwọ́ kékeré, ohùn ti kọjá ààlà.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ tí yóò mú òye àwọn méjèèjì dọ́gba. Lórí ìkànnì ìlù náà, kí olùdarí 101 jẹ́ 0, kí 100 jẹ́ 0, kí 6 sì jẹ́ 7. Lẹ́yìn náà kí 101 àti 100 di 127, kí ilẹ̀kùn náà lè tì padà. Ẹni tí ó bá gbàgbé láti tì í lè rí i pé àṣẹ mìíràn tí ó gba olùdarí 6 kọjá lẹ́yìn náà ti yí ohun gbogbo padà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ mìíràn sì máa ń padà sí 2 bí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún tàn án, ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí àṣẹ yìí wà.

Àwọn àìsàn mìíràn

Bí kò bá sí ohùn rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ètò tí ń fi àṣẹ MIDI hàn lójú kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí àṣẹ níbẹ̀, okùn tàbí ìsopọ̀ ni. Bí àṣẹ bá wà, ìkànnì ni kí wọ́n yẹ̀ wò: 0 dé 15 ni ẹ̀rọ fi ń kà wọ́n nínú, 1 dé 16 ni ó fi ń hàn lójú, ètò tí ó bá sì fi ti inú hàn yóò fi ọ̀kan yẹ̀. Bí ìlù bá wà níbi tí kò yẹ lórí kíbọ́ọ̀dù, ó lè jẹ́ orúkọ ni ó fà á: nọ́ńbà 60 tí Yamaha ń pè ní C3 ni Roland ń pè ní C4.

Àìsàn kan wà tí ó ń pa ẹni tí ó mọ ìlù lẹ́rìn-ín. Bí ìyáàlù bá yọ́ gòkè, gúdúgúdú náà yóò yọ́ gòkè, gúdúgúdú tí ìda wà lójú rẹ̀, tí kì í fọhùn! Ìkànnì kan náà ni wọ́n fi àwọn méjèèjì sí. Nínú MIDI ti 1983, gbogbo ohùn tí ó wà lórí ìkànnì kan ni wíìlì ń fà pọ̀. Kí olúkúlùkù ní ìkànnì tirẹ̀, kí ṣaworo náà sì ní tirẹ̀. MPE tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní 2018 àti MIDI 2.0 ti 2020 jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láti fa ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bí kíbọ́ọ̀dù àti ètò bá gbọ́ èdè wọn.

Bí ìlù bá ń pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́, iye ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kí ó tó jẹ́ kí ohùn jáde ni kí wọ́n dín kù. Ní 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,024 ń fa ìdádúró tí ó lé ní 23 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, 128 kò sì dé 3. Bí ó bá kéré jù, ohùn yóò máa ta pàrà. Wíìlì tí ó ti gbó pẹ̀lú lè má padà sí 8,192 gan-an nígbà tí ọwọ́ bá fi í sílẹ̀; gbogbo ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò yẹ̀ díẹ̀ pọ̀, ṣaworo nìkan kò ní yẹ̀, ìyẹn sì ni wọn yóò fi dá a mọ̀.

Ìdánwò

Kò yẹ kí wọ́n fi òwe tàbí oríkì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ dán irú ìlù yìí wò. Olùgbọ́ tí ó ti mọ òwe náà yóò fi ẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀, yóò sì sọ pé ìlù náà sọ ọ́ dáradára, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bí igbá, igbà, ìgbá àti ìgbà ni kí wọ́n lù, láìtò wọ́n, ní ìgbà púpọ̀, fún àyàn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, kí wọ́n tò ó síwájú rẹ̀ pé ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí ni, kí wọ́n sì kọ ohun tí ó sọ pé òun gbọ́ sílẹ̀. Níbikíbi tí ó bá ti pe ìgbá ní ìgbà, ìwọ̀n wíìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ padà lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀.