Ìtàn Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Ṣà Jọ

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín, tí wọn kì í fẹ́ dìde nídìí eré orí ẹ̀rọ. Àwọn òbí a máa ní ìjà àti ariwo lásán ni. Àwa jókòó tì wọ́n, a sì rí i pé iṣẹ́ ọpọlọ wà níbẹ̀.

Eré kan wà tí à ń pè ní Elden Ring, tí wọ́n gbé jáde láti ilẹ̀ Japan ní 2022. Ọ̀gá tí ó darí iṣẹ́ náà, Hidetaka Miyazaki, ti sọ pé nígbà èwe òun, òun a máa ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó ju agbára òun lọ. Ibi tí kò bá yé òun, òun a fi èrò inú ara òun dí i. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà rí. Kò sí ẹni tí ó jókòó sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbólóhùn méjì wà lára idà, ọ̀kan wà lára òrùka, òmíràn wà lẹ́nu ẹni tí a pàdé lọ́nà. Àwọn tí ń ṣe eré náà ní ń ṣà wọ́n jọ, tí wọ́n ń jiyàn, títí wọn yóò fi mọ ẹni tí ó bí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọbabìnrin kan wà níbẹ̀, Marika, àti Radagon tí í ṣe ọkọ rẹ̀ kejì. Ẹni tí ó bá wádìí dé ìdí yóò rí i pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Odùduwà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin, baba gbogbo wa. Àwọn kan sì mọ̀ ọ́n sí obìnrin, ìyàwó Ọbàtálá. Oríkì wa náà kò yàtọ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ogun, ìṣílọ àti ìjà ọlọ́bàkan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ pé ọba kò so kò tí ì gbọ́ nǹkan kan, àfi tí a bá sọ fún un bí Ṣàngó ṣe fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀.

Ohun tí a kò bá ṣà jọ a máa sọnù. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sì sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ìbá tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ tí ó tún un kọ, ó sì jáde ní 1921.

Nídìí iṣẹ́ réluwéè tí a wà, ẹrù tí kò ní ìwé tí ó sọ ibi tí ó ti wá kì í tètè rí ẹni gbà á. Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú oríkì orílẹ̀ rẹ̀ wá. Kí àgbà sọ ìtàn ìdí rẹ̀, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí àgbà méjì bá sọ ọ́ lọ́nà méjì, ẹ kọ méjèèjì; àwọn ọmọ wa ti mọ bí a ti ń ṣe é. Àgbà ni kò ní dúró dè wá títí.