Àpótí adọ́gba

Àpótí adọ́gba jẹ́ àpótí onígun mẹ́rin tí a pín sí ilé kéékèèké, tí a sì kọ nọ́ńbà kan sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí àròpọ̀ gbogbo ìlà ìbú, ìlà òró àti ìlà igun-dé-igun lè jẹ́ iye kan náà. Àwọn àfáà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà a máa kọ ọ́ sínú tírà. A lè fi lẹ́tà Lárúbáwá rọ́pò nọ́ńbà, nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: alif jẹ́ 1, ba jẹ́ 2, jim jẹ́ 3, dal jẹ́ 4. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ ni a fi pamọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ni.

Ìtàn

Muhammad ibn Muhammad al-Kishnawi, onímọ̀ Fúlàní láti Katsina, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ní nǹkan bí ọdún 1732. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń to àwọn àpótí tí iye ìlà wọn kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bíi 3, 5 àti 7. Ó kú sí Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1741.

Bí a ṣe ń yanjú rẹ̀

Nínú àpótí onílé 9, àròpọ̀ 1 títí dé 9 jẹ́ 45. Ìlà ìbú jẹ́ 3, nítorí náà ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 15. Ìlà 4 ni ó gba ilé àárín kọjá. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 60. Nínú 60 yìí, ẹ̀ẹ̀kan ni a ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, àfi ti àárín tí a kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. 15 tí ó lé lórí 45 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta nọ́ńbà àárín. 5 ni nọ́ńbà náà.

9 kò lè wà ní igun. Ilé igun wà lórí ìlà 3, ṣùgbọ́n ọ̀nà 2 péré ni 9 lè gbà di 15: pẹ̀lú 1 àti 5, tàbí pẹ̀lú 2 àti 4. Bí a bá fi 9 sí àárín ìlà òkè, 1 yóò bọ́ sí ìsàlẹ̀, 2 àti 4 yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 9. Ìyọkúrò yóò fi àwọn yòókù hàn:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Àyẹ̀wò àṣìkọ

Bí adàwékọ bá ṣi lẹ́tà kan kọ, ibi tí ìlà ìbú àti ìlà òró tí àròpọ̀ wọn kì í ṣe 15 ti pàdé ni àṣìṣe wà. Bí ikán bá sì jẹ lẹ́tà tí ó wà láàárín dal àti ba, a ó yọ 4 àti 2 kúrò nínú 15. Ó ku 9, èyí tí í ṣe iye lẹ́tà tí ó sọnù.