Níbo ni ìyókù iná inú páwà báǹkì yín ń gbà lọ?

Láti ìgbà tí iná ìjọba ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń rò fún mi. Ẹ ra páwà báǹkì tí wọ́n kọ 10,000 mAh sí lára. Bátìrì fóònù yín jẹ́ 5,000 mAh. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ sì rí i pé ó yẹ kó ṣájì fóònù náà kún lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣájì í kún lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbé e dé nǹkan bí ìdajì, ó sì kú. Ẹ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, ariwo sọ. Ẹ̀yin ń pè é ní olè, òun náà ń sọ pé fóònù yín ló ń jẹ iná.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣìnà. Páwà báǹkì 10,000 tó bá lè ṣájì fóònù 5,000 lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀, ojúlówó ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Èyí tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ bá ọlọ́jà jà ni èyí tí wọ́n kọ 50,000 sí lára, tó sì wọ àpò ṣòkòtò láìfa ṣòkòtò wálẹ̀.

Mi ò ní máa ṣàlàyé ojú ihò USB àti iná tó ń ṣẹ́jú fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ ìyẹn. mAh yìí gan-an ló ń dà wá láàmú. Ohun tó ń sọ ni bí iná tó ń ṣàn jáde ṣe pọ̀ tó àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó tán. Kò sọ agbára tí iná náà fi ń jáde. Fóltì ló ń sọ ìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní òun ra gàrí kóńgò mẹ́wàá, ẹ kò tíì mọ bí gàrí náà ṣe pọ̀ tó títí ẹ ó fi rí kóńgò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, nítorí kóńgò ọjà kan kì í ṣe ti ọjà kejì. Iye kóńgò ni mAh. Bí kóńgò ṣe tóbi tó ni fóltì. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan fún yín láìsọ èkejì kò tíì sọ iye ọjà tó tà.

Ẹ fi fóltì sọ mAh di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in. Ohun tó bá jáde ni Wh, òun sì ni iná tí ẹ fi owó yín rà.

Sẹ́ẹ̀lì lithium-ion ló wà nínú páwà báǹkì. Bó bá kún bámúbámú, ó máa ń dé nǹkan bíi fóltì 4.2; bó bá ń kú lọ, ó máa ń wálẹ̀ sún mọ́ 3. Àwọn ilé iṣẹ́ mú 3.7 láàárín, orí 3.7 yìí ni wọ́n sì ti ka 10,000 tí ẹ rí lára páálí. Ẹ ṣírò rẹ̀, 37 Wh ni. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n iná 3.7 kọ́ ni wáyà USB ń gbé lọ sínú fóònù. 5 ló sábà máa ń gbé. Bóòdù kékeré kan ló wà nínú páwà báǹkì tó ń gbé 3.7 sókè sí 5, ibẹ̀ sì ni 10,000 yín ti ń dín kù. Iná kì í ti inú òfìfo wá: bí fóltì bá gòkè, mAh gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Ẹ fi 5 pín 37 Wh yẹn, 7,400 mAh péré ló kù. Bóòdù náà sì máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Ooru tí ẹ ń fọwọ́ kàn yẹn, iná yín ni. Ó máa ń gba nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yí páwà báǹkì yín padà, ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀, ẹ ó rí "rated capacity", ẹ ó sì rí nọ́ńbà bíi 6,000 tàbí 6,500 níwájú rẹ̀. Iye tó máa jáde sí yín lọ́wọ́ nìyẹn. Inú máa ń bí mi pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ 10,000, tí wọ́n wá fi èyí tó wúlò pamọ́ sí ibi tí arúgbó ò lè kà.

Ó kù. Bí 5 bá wọ inú fóònù, fóònù tún gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí iye tí bátìrì tirẹ̀ lè gbà, ooru tún mú tirẹ̀. Nínú 37 Wh, nǹkan bíi 28 ló máa dé inú bátìrì. Bátìrì 5,000 tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní gba nǹkan bíi 19. Ẹ̀ẹ̀kan àti nǹkan bí ààbọ̀ náà nìyẹn.

Fóònù tí ẹ pa, tí ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ni ìṣirò yìí wà fún. Ẹ ò lè so fóònù mọ́ páwà báǹkì, kí ẹ tan hotspot fún gbogbo ilé, kí ẹ máa wo bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, kí ẹ wá ní ọlọ́jà rẹ́ yín jẹ. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa, fóònù máa ń fi agbára kún ìró tó ń rán sí máàsìtì, á sì tún máa wá máàsìtì mìíràn kiri. Ẹni tó ń gbé ní abúlé tí sáfíìsì ti ń wá tó ń lọ yóò lo páwà báǹkì kan náà tán ṣáájú ẹni tó ń gbé ní Ìkẹjà. Ti ṣájà aláìníwáyà tún burú jù ú lọ. Ooru ibẹ̀ pọ̀.

Ó wá kan àwọn òpùrọ́. Ìwúwo ni ẹ fi máa mú wọn. Sẹ́ẹ̀lì rìbìtì tí wọ́n ń pè ní 18650, tó jẹ́ mìlímítà 18 ní ìbú àti 65 ní gígùn, máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50, èyí tó sì dáa jù nínú rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bíi 3,500 mAh lọ. Láti rí 50,000, ẹ nílò ó kéré tán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Sẹ́ẹ̀lì nìkan ti ju gíráàmù 600 lọ, a ò tíì ka ike àti bóòdù. Mo máa ń gbé òṣùwọ̀n kékeré táwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà lọ sí ọjà Computer Village. Àwọn ọlọ́jà kan ti mọ̀ mí, wọn kì í fẹ́ kí n yọ ọ́ jáde. Ẹ má sì rò pé tó bá ti wúwo, ó ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n ti tú páwà báǹkì, wọ́n ti bá yanrìn nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún bi ọlọ́jà bóyá ẹ lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Títí dé 100 Wh ni wọ́n ń gbà nínú ọkọ̀ òfuurufú láìbéèrè. Láti 100 sí 160, àfi kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ju 160 lọ kò gbọdọ̀ wọlé. 50,000 mAh tòótọ́ jẹ́ 185 Wh. Ọlọ́jà tó bá ní 50,000 ni, tó tún búra pé ẹ lè gbé e lọ sí London, ó ti parọ́ nínú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bí bóòdù yẹn ṣe ń gbé 3.7 sókè sí 5: kọ́ìlì kan ló wà níbẹ̀, àti suwíìṣì tó ń tàn tó ń pa ní ìgbà tó lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú yín kọ̀wé sí mi pé páwà báǹkì òun wú, pé òun gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe, pé ó ti bá òun tún un ṣe ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́ìlì yóò dúró de ọjọ́ mìíràn.

Ìwọ tó kọ̀wé yẹn, jọ̀ọ́, má ṣájì í mọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n máa ń tú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀, wọ́n á ṣa sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sódà èyí tó ti gbó mọ́ tuntun. Àwọn mìíràn ń fi iná tààrà ta sẹ́ẹ̀lì tó ti kú fún ọ̀pọ̀ oṣù jí. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti kú pátápátá fún ìgbà pípẹ́, kọ́pà inú rẹ̀ á ti máa yọ́; bí wọ́n bá tún ṣájì í, kọ́pà náà lè mú kí ojú iná méjèèjì pàdé ara wọn nínú ibi tí ojú ò tó. Èyí tó burú jù ni àwọn tó ń já bóòdù ààbò kúrò, bóòdù tó yẹ kó pa iná bí fóltì bá ti ga jù tàbí tó ti lọ sílẹ̀ jù, kí nǹkan lè sáà tàn lójú oníbàárà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi iná sílé onílé, ó sì gbowó lé e.

Gáàsì ló ń wú bátìrì, gáàsì tó ń gbiná sì ni. Kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sí ipò rẹ̀, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń sun. Páwà báǹkì tó sì dáa náà, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú oòrùn, ẹ má ṣájì í lábẹ́ ìrọ̀rí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ òfuurufú Air Busan kan jóná lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Gimhae, ní Gúúsù Korea. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ jáde láàyè. Àwọn olùwádìí ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ páwà báǹkì ló dá a sílẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì ṣòfin pé kí èrò máa mú un dání, kí wọ́n má fi sínú àpótí òkè orí mọ́. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ fi sí ibi tí ojú yín ti lè rí i.

Bí èéfín bá ti ń jáde lára rẹ̀ nínú ilé, ẹ já wáyà kúrò lára iná kíákíá, ẹ kó ọmọdé jáde, ẹ má fa èéfín náà símú. Bí iná náà bá ṣì kéré, omi ni kí ẹ dà sí i, omi púpọ̀. Àwọn kan ń sọ kiri pé a kì í da omi sí bátìrì lithium tó ń jó. Ti fóònù àti páwà báǹkì kọ́ nìyẹn, omi ló ń mú wọn tutù. Ẹ má dáwọ́ dúró tí ọwọ́ iná bá lọ sílẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jó lè gbiná lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìta ni kó sùn mọ́jú.