Oògùn Egungun àti Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀ Lára Àgbàlagbà Obìnrin

Bí ìyá oníṣòwò obì kan ní Ṣágámù bá fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà tí ó sì ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ lè kán níbi tí ọmọdé yóò ti dìde láìfarapa. Kí ni ó fà á?

Egungun kì í ṣe òkúta. Ara a máa wó o, a sì máa tún un mọ láìdẹ́kun. Estrogen, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ̀nù obìnrin, ni ó ń kó wíwó náà níjàánu. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, estrogen a dín kù gidigidi. Wíwó a borí mímọ, egungun a sì di ẹlẹgẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń fún àwọn obìnrin mìíràn ní estrogen.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń sunkún ni a ń ríran. Estrogen tí a gbé mì, ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, ẹ̀dọ̀ a sì pèsè angiotensinogen púpọ̀ sí i. Renin tí ó ń ti inú kíndìnrín jáde ni ó ń gé èyí, tí ó fi ń di angiotensin níkẹyìn. Angiotensin ní iṣẹ́ méjì: ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú kí aldosterone jáde, èyí tí ń dá iyọ̀ àti omi dúró nínú ara. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, kíndìnrín a dín renin kù kí nǹkan lè dọ́gba. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀jẹ̀ a ru. Èyí tí a lẹ̀ mọ́ awọ ara kì í kọ́kọ́ gba ẹ̀dọ̀ kọjá, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ dá irú èyí sílẹ̀.

Ní 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà. Obìnrin 16,608 ni ó kópa: apá kan lo estrogen pẹ̀lú progestin, apá kejì lo oògùn tí kò lágbára kankan. Kíkán egungun dín kù lára apá kìíní, ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ń yan oògùn bí alendronate, tí ń lẹ̀ mọ́ egungun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni thiazide, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ń dín kálísíọ̀mù tí ń bá ìtọ̀ lọ kù.

Nítorí náà, kí ìyá tí ó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ nítorí egungun kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, kí ó má fi àgbo pamọ́, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀.