Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbé Agbára Omi Sókè Tàbí Wálẹ̀ Lára Ẹ̀rọ Ìfọkọ̀ Elépo

Pọ́ǹpù inú ẹ̀rọ tí àwọn afọkọ̀ fi ń fọ́n omi kọ́ ló ń dá agbára omi náà sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Kò ṣe ju pé kó máa gba omi wọlé, kó sì máa tì í jáde ní ìwọ̀n kan náà. Ihò tóóró tó wà lẹ́nu ìbọn omi ló ń sọ omi di alágbára, torí omi tí pọ́ǹpù ń tì kò ráyè jáde fàlàlà. Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí, tó sì rí bí omi ṣe ta jìnnà, ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti lè yí agbára yìí padà: ẹnu ìbọn, eré ẹ́ńjìnnì, àti fáàfù ara pọ́ǹpù. Fáàfù ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ yí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ohun tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni omi tó ń wọlé. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń kọ agbára omi sí, tí wọ́n ń fi PSI wọ̀n, pẹ̀lú iye omi tó ń lò ní ìṣẹ́jú kan. Ká mú ẹ̀rọ PSI 3000 tó ń lo lítà 9.5: bí omi tó ń bọ̀ láti táǹkì kò bá tó bẹ́ẹ̀, yíyí kankan kò ní ran án lọ́wọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí wọ́n wo aago. Bó bá ti ju ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ lọ dáadáa kó tó kún, omi kò tó. Rọ́bà tín-ín-rín tàbí táǹkì tí kò ga tó ló sábà máa ń fa èyí.

Ní ti ẹnu ìbọn, àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Pupa ń fọ́n omi tọ́ọ́rọ́, ní dígírì 0. Yẹ́lò jẹ́ 15, aláwọ̀ ewé 25, funfun 40, dúdú sì wà fún ọṣẹ. Ohun tí àwọ̀ wọ̀nyí ń yí padà ni bí omi ṣe ń tàn ká. Bí ihò wọn bá dọ́gba, géèjì tó ń wọn agbára omi kò ní mira, àmọ́ omi tó fẹjú kì í gbá nǹkan bí èyí tó ṣù jọ. Pupa lè ṣí ọ̀dà ọkọ̀, ó sì lè ya ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kò ní láti fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá: kó fi funfun sí i, kó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá jẹ́ agbára inú rọ́bà gan-an ni wọ́n fẹ́ dín kù, ẹnu tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ ni kí wọ́n rà.

Eré ẹ́ńjìnnì ló kàn. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 3600 ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá fà á wálẹ̀ sí 2700, omi tó ń jáde á ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àmọ́ agbára rẹ̀ á já ju bẹ́ẹ̀ lọ: PSI 3000 á wá sí nǹkan bí 1700. Ìdí nìyẹn tí eré díẹ̀ tó dín fi ń hàn lójú iṣẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí gọ́fánọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso eré ẹ́ńjìnnì, kí eré lè kọjá ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Pọ́ǹpù àti ẹ́ńjìnnì ni yóò jìyà rẹ̀.

Fáàfù ara pọ́ǹpù ní sípíríǹgì nínú. Nígbà tí wọ́n bá fi ìbọn sílẹ̀, òun ló ń dá omi padà síbi tó ti wọlé kí pọ́ǹpù má bàa bẹ́. Wọ́n ti dí ti àwọn ẹ̀rọ kan pa láti ilé iṣẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tú u. Lára èyí tó ṣeé yí, wọ́n á so géèjì sáàárín pọ́ǹpù àti rọ́bà, wọ́n á dẹ sípíríǹgì, wọ́n á ṣí omi, wọ́n á sì tẹ ìbọn títí afẹ́fẹ́ á fi jáde tán kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì. Láìjáwọ́ lára ìbọn, ẹlòmíràn á máa fi pẹ̀lẹ́ yí fáàfù sápá ọ̀tún. Géèjì á máa gòkè. Níbi tó bá ti dúró, tàbí tó bá ti kan iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, ibẹ̀ ni kí wọ́n fi í sí. Ẹni tó ń fún un lọ lẹ́yìn ìyẹn kò rí agbára kún. Ńṣe ló ń di fáàfù pa. Wọ́n á wá fi ìbọn sílẹ̀, kí wọ́n wo géèjì: ó máa ń fò sókè díẹ̀, ìyẹn kò burú. Bó bá fò jìnnà, kí wọ́n yí fáàfù padà sápá òsì.

Omi tó ń yí po nínú pọ́ǹpù nígbà tí wọn kò tẹ ìbọn máa ń gbóná. Kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ láìtẹ̀ ẹ́. Fáàfù kékeré kan wà lára àwọn pọ́ǹpù mìíràn tó ń da omi gbígbóná sílẹ̀ bí ooru bá tó nǹkan bí dígírì 60. Àwọn tí kò mọ̀ á ní ẹ̀rọ ń jò.

Kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹnu ìbọn, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì tẹ ìbọn kí omi tó há sínú rọ́bà lè jáde. Omi yìí lè gún awọ ara wọlé. Ojú egbò náà lè má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ inú ti bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ni kí onítọ̀hún gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Bí agbára omi bá ń dín kù fúnra rẹ̀, a kì í yí fáàfù sí i. Ẹnu ìbọn tó dí, asẹ́ ẹnu ọ̀nà omi tó ti kún fún iyanrìn, rọ́bà tó ká kò tàbí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Omi oníyanrìn tún máa ń jẹ ihò ẹnu ìbọn, tí á fi fẹ̀ láìhàn sójú. Tuntun ni wọ́n á rà. Bí gbogbo èyí bá pé, tí ọ́ìlì pọ́ǹpù sì ti di funfun, omi ti ráyè wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì nìyẹn.